Ojú Kì Í Ṣe Amí: Ọ̀rọ̀ lórí Yíya Àwòrán ní Gbangba àti Ìbẹ̀rù fún Ààbò Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ìkòtún, ó ń ṣẹlẹ̀ ní oríta Ẹgbẹ́dá, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó gba Ìgàndó kọjá. Ẹnìkan yọ fóònù rẹ̀, ó nà á sókè, ó fẹ́ ya àwòrán ọjà, tàbí ti ọ̀nà tí omi ti wọ́, tàbí ti ilé kan tí ó wù ú. Kí ó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹlòmíràn ti di ọwọ́ náà mú: “Ta ni ó rán ọ? Kí ni o fẹ́ fi ṣe? Pa á rẹ́ kíákíá!” Bí kò bá tètè rí èsì fọ̀, èrò a pé lé e lórí. Ẹnìkan a ní amí ni, òmíràn a ní ajínigbé ni, ẹ̀kẹta a ní ó ń wá ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbé àdó olóró sí.

A kò wá láti fi ẹni tí ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun mẹ́rin ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò. Èkíní: ǹjẹ́ ìbẹ̀rù yìí ní ìdí? Èkejì: kí ni òfin wí gan-an? Ẹ̀kẹta: kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí ìbẹ̀rù ti borí òfin, tí a sì ti fi ìkọ̀kọ̀ ṣe ààbò? Ẹ̀kẹrin: báwo ni ó ti yẹ kí àwa tí à ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ máa hùwà?

I. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ejò ti bu orílẹ̀-èdè yìí jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 1 October 2010, bí ìjọba ti ń ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún òmìnira ní Àbújá, àdó olóró bú ní ìtòsí ibi àjọyọ̀ náà. Ní ọjọ́ 26 August 2011, ẹnìkan wa ọkọ̀ tí ó kún fún àdó olóró wọ ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlú kan náà. Ní ọjọ́ 14 April 2014, ibùdókọ̀ Nyanya ni ikú ti ká àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ní òwúrọ̀, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Kí a má sì rò pé òkè ọya nìkan ni. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 June 2022, àwọn oníbọn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ogójì ènìyàn ó kéré tán, àgbà àti ọmọdé. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń wo àlejò tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ní àdúgbò tiwa pàápàá, a kò tíì gbàgbé oṣù October 2020, nígbà tí àwọn jàǹdùkú kọlu àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìkòtún, ní Ìgàndó àti ní Ìdímù. Ẹni tí ó rí iná ọjọ́ náà, tí ó sì wá rí àjèjì tí ń ya àwòrán ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, bí àyà rẹ̀ bá já, kò jẹ̀bi.

Ohun kan tún wà. Ní abúlé àtijọ́, àlejò kì í wọ̀lú kí a má mọ̀ ọ́n. Baálé ilé kan ni yóò gbà á, òun ni yóò sì mú un lọ kí baálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, èrò sì ti wọlé sí i láti ìgbà náà. Ta ni ó lè mọ gbogbo wọn? Níbi tí a kò bá ti mọ ènìyàn, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a máa ń wò. Bí ó bá mú àpò dání, a ó wo àpò. Bí ó bá na fóònù sókè, a ó wo fóònù. Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ayàwòrán kò ṣẹ̀. Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ń tẹ̀lé ìbéèrè náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

II. Ohun tí òfin wí

A máa ń gbọ́ kí ènìyàn wí pé, “Ìjọba kò fẹ́ kí a máa ya àwòrán kiri.” Òfin wo ni ó wí bẹ́ẹ̀? Èyí tí ó súnmọ́ ọ jùlọ ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962, ó sì yẹ kí a mọ ìran rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1911, ìbẹ̀rù amí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ wọn kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ 18 August ọdún náà, ilé aṣòfin kékeré wọn gba òfin àṣírí wọlé, kò sì tó wákàtí kan tí wọ́n fi parí gbogbo rẹ̀. Inú ìbẹ̀rù ni a ti bí òfin náà. Síbẹ̀, èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ààlà, ààlà náà sì hàn kedere fún ẹni tí ó bá kà á.

Ẹ̀ka kejì òfin náà kọ̀ fún ènìyàn láti ya àwòrán ibi tí a dáàbò bò. Kí ni ibi tí a dáàbò bò? Ibùdó àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti orí omi àti ti òfurufú ni; ibi tí ìjọba ti ń ṣe ohun ìjà tàbí tí ó kó o pamọ́ sí ni; àti ibòmíràn tí Mínísítà bá fi àṣẹ kéde bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé kí ẹni náà ṣe é fún ète tí yóò pa ààbò Nàìjíríà lára. Ẹ̀ka kẹta sì mú ọ̀rọ̀ ìgbà pàjáwìrì wá, nígbà tí a kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán ohun èlò ogun láìgba àṣẹ. Ìjìyà rẹ̀ kò kéré: ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi bárékè sójà ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ibi àti ète ni òfin náà ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ojú. Bí a bá ka orúkọ àwọn ibi tí ó dárúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò ní bá ọjà Ìkòtún níbẹ̀, a kò ní bá ibùdókọ̀ Ẹgbẹ́dá, a kò sì ní bá kòtò tí ó wà láàárín ọ̀nà. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàápàá, ní ẹ̀ka kọkàndínlógójì, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn àti láti fi í fún ẹlòmíràn. Níti àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣiṣẹ́ lójú títì, agbẹnusọ wọn ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí ó bá ya àwòrán wọn lẹ́nu iṣẹ́ kò dá ẹ̀ṣẹ̀.

A lè pín gbogbo ibi sí ọ̀nà mẹ́ta kí ó lè rọrùn láti rántí. Èkíní ni ibi tí òfin ti sé mọ́: má ṣe ya á. Èkejì ni ibi tí ó ní olúwa rẹ̀, bí inú ilé ìfowópamọ́, inú ọgbà ilé ìwé, àti inú ilé ìjọsìn: olúwa ibẹ̀ ni ó ni àṣẹ, bí ó bá wí pé kí a má yà á, kí a gbà fún un, bí a kò bá gbà, ó lè ní kí a jáde. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, bí ọ̀nà ọba àti ọjà: níbẹ̀, ohun tí ojú rí, àwòrán lè rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òfin ti fún ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tàbí ọ̀pọ̀ èrò ní àṣẹ láti lu ènìyàn, láti fọ́ fóònù rẹ̀, tàbí láti fi ipá gbà á. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ni ilé. Kò ni fóònù àlejò.

III. Ibi tí ìbẹ̀rù ti borí òfin

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkèèrè. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin tí a ṣe ní ọdún 2000 láti gbógun ti àwọn apániláyà fún ọlọ́pàá ní agbára láti dá ènìyàn dúró kí wọ́n sì tú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fura sí i rárá. Ní September 2003, wọ́n dá akọ̀ròyìn kan dúró, Pennie Quinton, tí ó fẹ́ lọ ya àwòrán àwọn tí ń fi ẹ̀hónú hàn níbi tí a ti ń pàtẹ ohun ìjà. Ó fi ìwé iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ní kí ó dáwọ́ àwòrán yíyà dúró. Ó gbé ẹjọ́ náà láti kóòtù dé kóòtù. Ní ọjọ́ 12 January 2010, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ pé agbára tí a kò fi ààlà sí bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ìjọba ilẹ̀ náà sì fi òpin sí i nínú ọdún yẹn. Orílẹ̀-èdè tí a ti ju àdó olóró sí inú ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ ní ọdún 2005 ni èyí. Wọ́n mọ ìbẹ̀rù. Síbẹ̀ wọ́n rí i pé bí a bá fura sí gbogbo ènìyàn, a kò fura sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìfura kì í sábà dé kóòtù. Ojú títì ni ó ń parí sí. Ní oṣù October 2012, àwọn èrò ní Aluu, ní ìpínlẹ̀ Rivers, fi ẹ̀sùn olè kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n sì pa wọ́n láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wádìí. Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá. Kí ni ó jẹ́ kí ayé mọ̀? Àwòrán tí a fi fóònù yà níbẹ̀ ni. Ní July 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Port Harcourt dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí a fẹ̀sùn kàn, ọlọ́pàá kan sì wà lára wọn. A mú èyí wá nítorí ìhà méjì ni ó ní. Ọ̀nà tí àwọn èrò fi ń pe ènìyàn ní olè náà ni wọ́n fi ń pe ayàwòrán ní ajínigbé. Bí a bá sì gba fóònù kúrò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó dúró tì wá, ta ni yóò jẹ́rìí ní ọjọ́ tí ó bá kàn wá?

IV. Ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ààbò

Ẹ padà wálé wàyí. Bí ibì kan bá wà tí òfin 1962 dáàbò bò, bárékè sójà Ìkẹjà ni. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí níbẹ̀, a kò sì jiyàn sí i. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, ibi náà gbiná. Àdó olóró tí ó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ilé mì tìtì, fèrèsé fọ́ ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó dé. Wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sáré wọ inú òkùnkùn. Ní Òkè-Àfà, tí kò jìnnà sí Ẹ̀gbẹ́ àti Ìkòtún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ já sínú odò tí ewéko omi ti bo ojú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ ni ó kú ní òru ọjọ́ náà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

A béèrè: ọ̀tá wo ni ó pa wọ́n? Kò sí amí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ń gbé ní àyíká kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn ibi tí wọn ì bá sá gbà bí iná bá sọ. Ibi tí a fi pamọ́ fún ọ̀tá, a fi pamọ́ fún aládùúgbò pẹ̀lú. Ìkọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, ó pé pérépéré; ààbò ni kò sí.

Ẹ̀rí kejì wà ní Ìkòtún gan-an. Ní ọjọ́ 12 September 2014, ilé àlejò kan tí ó jẹ́ ti ìjọ Synagogue Church of All Nations wó lulẹ̀. Ènìyàn 116 ni ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ilẹ̀ South Africa wá. Àwọn òṣìṣẹ́ NEMA, àjọ tí ń gbani nínú ewu, ráhùn ní gbangba nígbà náà pé àwọn kan nínú ọmọ ìjọ kò kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ráyè ṣiṣẹ́. Níbi tí a bá ti ń dí ẹni tí ó fẹ́ gbani lọ́wọ́, ẹni tí ó fẹ́ ya àwòrán kò lè rí ọ̀nà gbà. Ìjọ náà sọ pé ọkọ̀ òfurufú kan tí ó fò yí ilé náà ká ni kí a fura sí, wọ́n sì gbé àwòrán tí kámẹ́rà wọn yà jáde. Adájọ́ tí ó wádìí ikú náà, Oyetade Komolafe, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní July 2015: àìlágbára ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó mú un wó, a kò sì gba ìwé àṣẹ kí a tó kọ́ ọ.

A kò mú èyí wá láti ba orúkọ ìjọ kankan jẹ́. Ọ̀fọ̀ ni ó jẹ́ fún gbogbo Ìkòtún, kò sì sí ìjọ tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò lè dé bá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a ń wá. Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn wà ní òfurufú, wọ́n ń wá ọ̀tá níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé inú òpó ilé ni ewu wà. Bí ẹnìkan bá ti ya àwòrán òpó náà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé lé e lórí, tí ó sì fi hàn ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, a kò lè sọ pé yóò ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ojú tí a dí kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá gba gbogbo ènìyàn láàyè, ṣebí ọ̀tá pẹ̀lú yóò yà á?” Ó lè yà á. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni Google ti gbé àwòrán ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìlú Èkó síta fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó ní ète búburú kò ní láti dúró ní gbangba kí ó na fóònù sókè lójú ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó dúró ní gbangba ni ọwọ́ wa ń tẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn, ọmọ tí ó fẹ́ fi ìlú han ìyá rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlejò ní Èkó. George Da Costa, tí ó ṣe alábòójútó ilé ìtàwé CMS láti ọdún 1877 títí di 1895, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì di ayàwòrán. Ọwọ́ àwọn irú rẹ̀ ni a ti gba àwòrán Èkó àtijọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí wọ́n bá ti fọ́ kámẹ́rà wọn ní ojú títì, kí ni a ì bá fi hàn wọ́n lónìí?

V. Bí ó ti yẹ kí a máa hùwà

Sí ẹ̀yin tí ń ṣọ́ àdúgbò àti ẹnu ọ̀nà ìjọ: ẹ béèrè, ẹ má ṣe dájọ́. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè. Bí ìfura bá kù, ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì dúró tì í kí àwọn èrò má bàa fọwọ́ kàn án. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kì í gé ọwọ́ gbogbo ìlú.

Sí ẹ̀yin alàgbà àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò: bí ẹ kò bá fẹ́ kí a ya àwòrán nínú ọgbà yín, ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri ní lẹ́tà gàdàgbà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kọ ibi tí a ti lè gba àṣẹ. Òfin tí ó wà ní ẹnu ẹ̀ṣọ́ nìkan, ìbínú ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe òfin.

Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́: ẹ̀tọ́ kì í lé ìwà ọmọlúàbí jáde. Ẹ jìnnà sí bárékè. Ẹ má ṣe ya ọmọ ọlọ́mọ láì béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé àwòrán òkú tàbí ti ẹni tí ó farapa kiri bí ohun ìṣeré. Òfin ìpìlẹ̀ kan náà, ní ẹ̀ka kẹtàdínlógójì, dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ilé olúkúlùkù. Bí àgbà bá bi yín léèrè, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Sí gbogbo wa: nígbà tí a bá rí ẹnìkan tí èrò pé lé lórí nítorí àwòrán, kí a má ṣe kọjá lọ bí ẹni tí kò kàn. Ohùn àgbà kan ṣoṣo tí ó bá wí pé, “Ẹ mú sùúrù, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu rẹ̀,” ti tó láti dá ẹ̀mí kan sí.

Ẹ̀yin ará, ìlú tí ó ní ààbò ni ìlú tí ará rẹ̀ ń rí ara wọn. Ojú tí ó ṣí ni ó ń rí olè, òun náà ni ó ń rí ògiri tí ó ti lanu àti iná tí ó fẹ́ sọ. Kí a ṣọ́ ibi tí ó yẹ kí a ṣọ́, kí a sì wádìí ète tí ó yẹ kí a wádìí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fọ́ ojú ara wa nítorí pé a ń bẹ̀rù ọ̀tá.